Ìdí tí ọmọ àgbàdo aládùn fi ń káyín nínú ọgbà

Ewé tutù yọ̀yọ̀, igi dúró ṣinṣin, ọmọ sì yọ. Nígbà tí a bó o tán, hóró bíi mẹ́wàá ló fọ́n ká ara ṣùkù, ìyókù ṣófo bí ẹnu akáyín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ajílẹ̀ kọ́ ló fà á. Bí wọ́n ṣe to àgbàdo náà nígbà tí wọ́n ń gbìn ín ni.

Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó yọ lórí igi ni akọ àgbàdo. Ọmọ tó yọ lábíyá ewé ni abo. Fọ́nrán irùngbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó jáde lẹ́nu háríhá, hóró kan ṣoṣo ló so mọ́ nísàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú inú ìrùkẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ lé fọ́nrán yẹn kí hóró rẹ̀ tó lè gbó; èyí tí kò bá rí gbà, ojú hóró tirẹ̀ á ṣófo. Afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí kiri, kì í ṣe oyin.

Ìyẹn ni àgbàdo tó tò gbọọrọ lẹ́bàá ọgbà fi ń káyín: afẹ́fẹ́ á gbé èyí tó pọ̀ jù dà sí ibi tí irùngbọ̀n kankan kò sí. Igi 16 tí a gbìn ní ìlà mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin, sàn fíìfíì ju 16 kan náà lórí ìlà kan. Kí àlàfo igi sí igi jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, ti ìlà sí ìlà 75, níbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Hóró méjì-méjì nínú ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, bí wọ́n bá hù, kí a gé èyí tó rù lára wọn. Kí a má fà á tu, kí gbòǹgbò ìkejì má baà mì.

Hóró gbígbẹ ti irú tó dùn jù lọ máa ń hun jọ bí awọ arúgbó, nítorí ìtáàṣì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Agbára tó fi ń hù kéré nìyẹn, ó sì tètè ń jẹrà bí ilẹ̀ bá tutù. Ilẹ̀ 10°C tó fún irú aládùn àtijọ́. Irú tó dùn jù lọ yìí ń fẹ́ bíi 16°C. Bí àgbàdo líle bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nítòsí lásìkò kan náà, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á ba adùn jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì là wọ́n láàárín.

Bí igi bá ga dé orúnkún, kí a wọ́n ajílẹ̀ oní-náítírójìn yí i ká, kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí a sì bomi rin ín. Ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín ń sọ pé ebi náítírójìn ń pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, nítorí náà orí ilẹ̀ ni kí ọkọ́ mọ. Omi 25 lítà fún mítà onígun mẹ́rin kan lọ́sẹ̀ tó, àmọ́ ọ̀dá ìgbà irùngbọ̀n kò ṣeé tún ṣe: fọ́nrán á gbẹ kí lẹ́búlẹ́bú tó dé.

Bí igi kò bá pọ̀, ọwọ́ ni kó ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Láàárọ̀, bí ìrì bá ti gbẹ, kí a gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ sínú bébà, kí a sì dà á sórí irùngbọ̀n àwọn igi yòókù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a tún un ṣe fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i.

Kòkòrò tó wọ inú ewé tí kò tíì là máa ń fi ìgbẹ́ bí ìyẹ̀ pákó sílẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yọ ọ́. Èyí tó bá jẹ ṣóńṣó ọmọ, kí a gé ibẹ̀ dànù, ìyókù ṣeé jẹ.

Ní bíi 20 ọjọ́ lẹ́yìn tí irùngbọ̀n yọ, tó ti gbẹ tó sì dúdú, tí háríhá ṣì tutù, kí a fi èékánná tẹ hóró kan. Omi tó mọ́ gaara: kò tíì gbó. Omi bíi wàrà: ó yá. Tó bá ki, ó ti kọjá. Àárọ̀ ló dára láti yà á, nítorí ṣúgà irú àtijọ́ ń di ìtáàṣì láti ìgbà tó ti kúrò lára igi, ooru sì ń mú un yára. Bí a kò bá ní sè é lójú ẹsẹ̀, inú fìríìjì ni kó ti ọgbà wọ̀, tòun ti háríhá.