Kí ni "Black Tie" orí ìwé ìpè túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: Wọ́n pe èmi àti ìyàwó mi síbi àsè alẹ́ kan ní London. "Black Tie" ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé ìpè náà. Mo ní táì dúdú kan nílé. Ṣé ó ti tó?

Ìdáhùn: Kò tó o. Bí ẹ bá fi táì gígùn dúdú lọ, wọ́n á rò pé ibi ìsìnkú lẹ ti ń bọ̀. Táì ni wọ́n dárúkọ, odidi aṣọ ni wọ́n ń sọ: kóòtù dúdú tí kọ́là rẹ̀ ń dán bíi ṣẹ́dà, ṣòkòtò dúdú tí ìlà dídán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àti táì dúdú kékeré tí wọ́n ń so bíi labalábá sọ́rùn. Ẹ má fi bẹ́líìtì sí i. Kaba tó balẹ̀ ló wọ́pọ̀ fún obìnrin.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ ìgbafẹ́ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kóòtù onírù ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹun alẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1865, ọmọ Ọbabìnrin Victoria tó padà di Ọba Edward Keje ní kí Henry Poole, aránṣọ ní Savile Row, rán kóòtù kúkúrú fún òun, kí ara lè tu òun nídìí oúnjẹ ní Sandringham, ilé rẹ̀ ní ìgbèríko. "Tuxedo" ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, láti ara Tuxedo Park nítòsí New York. Kóòtù onírù àtijọ́ ọ̀hún kò kú o: òun àti táì funfun ni "White Tie", tí wọ́n ṣì ń wọ̀ síbi àsè Nobel ní Stockholm ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá.

Ìbéèrè: Agbádá wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wọ̀ ọ́! Àsè Nobel pàápàá gba aṣọ ìbílẹ̀ láàyè, ọ̀pọ̀ ìwé ìpè sì máa ń kọ "or national dress" sí i. Bí tiyín kò bá kọ ọ́, ẹ bi ẹni tó pè yín. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ agbádá tó pé, pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Ànkárá ọjọ́ Sátidé kọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹtù ni mo máa wọ̀, torí dúdú aró rẹ̀ bá òru mu ju kóòtù èyíkéyìí lọ. Kí ìyàwó yín ró aṣọ òkè, kó wé gèlè.

Bí ẹ bá sì rí "Carriages 11.30" lórí ìwé náà, aago tí àlejò ń lọ sílé nìyẹn. Ẹ tètè pe táksí.