Kí ni láàbù fẹ́ fi ẹran jẹjẹrẹ tí wọ́n gé kúrò lára aláìsàn ṣe?

Ìbéèrè: Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá wa ní Òṣogbo níbí, wọ́n yọ kókó jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá wọn. Dókítà ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ó ní ká fọwọ́ sí ìwé kí láàbù lè mú díẹ̀ níbẹ̀, bóyá yóò dàgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fárígá. Báwo ni ẹran tí wọ́n ti gé ṣe ń dàgbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹni tó bá dá oko pákí rí mọ̀ pé igi rẹ̀ la ń gé gbìn. A gé e, a tún un gbìn, pákí kan náà ló ń bá a lọ láti oko dé oko. Bẹ́ẹ̀ ni ìran sẹ́ẹ̀lì rí, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa) tó ń pín lọ láti abọ́ dé abọ́ nínú láàbù. Wọ́n á gé ẹran náà wẹ́wẹ́, wọ́n á da sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú abọ́ pelebe pẹ̀lú omi oúnjẹ tó ní ṣúgà, iyọ̀ àti omi ara ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù, wọ́n á sì gbé e sínú àpótí tó gbóná tó 37°C, bí inú ara wa. Omi náà pupa. Tó bá ti ń di yẹ́lò, ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tètè pààrọ̀ rẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì bá kún abọ́, wọ́n á pín in sí òmíràn.

Sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn kì í pẹ́ lẹ́nu èyí: tó bá ti pín bí ìgbà 40 sí 60, ó tán. Ti jẹjẹrẹ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ìbéèrè: Ṣé òyìnbó ò tíì ní irú ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ní in dáadáa. Ìran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n ń pè ní HT-29 ti wà láti 1964, èyí tí wọ́n ń pè ní Caco-2 láti 1977. Àmọ́ irú jẹjẹrẹ ìfun tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ti mú wọn. Ẹ wo irú kan tí kò wọ́pọ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń kún fún ikun, tí ikun náà á ti kóró àárín rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi rí roboto bí òrùka lábẹ́ maikirosikóòpù. Nínú 100 aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun, bí ẹyọ kan ló ń ní in. Ta ni yóò kó irú wọn jọ tó láti dán oògùn wò? Bí kò bá sí sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́, ara aláìsàn gan-an ni wọ́n á ti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì yẹn sì ti wá.

Ìbéèrè: Ṣé ó dájú pé ti bàbá wa á dàgbà?

Ìdáhùn: Rárá o. Inú ìfun kún fún kòkòrò àìfojúrí. Tí ẹran náà bá pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá láìsí omi tútù àti oògùn apakòkòrò, kòkòrò á ti jẹ gàba kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n tún lè mú iná lọ lóru. Tó bá là á já, ó di inú náítrójìn olómi, tó tutù tó −196°C.

Ìbéèrè: Wọn ò ní fi ṣòwò?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín tọ́. Ní 1951, ní Baltimore, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, láìbéèrè. Wọ́n tà á káàkiri ayé; ọdún 1970 ti kọjá kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Nítorí irú ìyẹn ni ìwé tí dókítà gbé wá ṣe wà. Ẹ kà á. Ẹ bi í bóyá èyí tó kù lẹ́yìn àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n á mú, bóyá orúkọ bàbá á wà lára rẹ̀, àti bóyá ẹ lè yí ọkàn padà. Kí bàbá fúnra wọn sọ tẹnu wọn, torí ara wọn ni. Ẹ má retí pé yóò ran ìtọ́jú tiwọn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n á sọ fún yín tí wọ́n bá rí àmì pé jẹjẹrẹ náà ń rìn nínú ẹbí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń fárígá wọ̀nyẹn ni dókítà á fẹ́ yẹ ìfun wọn wò tẹ̀lé e.