Probation ní Ireland: ẹ̀tọ́ tó ti jẹ́ tiyín kó tó parí

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ireland, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kíà nílé àwọn arúgbó, ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ máa gbọ́ títí ó fi máa sú yín: probation. Tẹ́ ẹ bá tọrọ lífù, "ṣebí o ṣì wà lórí probation." Tówó ò pé tẹ́ ẹ béèrè, probation náà ni. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́ nígbà kan, odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ tí mi ò tọrọ lífù ọjọ́ kan, àṣé ó ti ń kó jọ fún mi látọjọ́ tí mo wọlé.

Probation ò ju àsìkò tí ọ̀gá fi ń wò ó bóyá ẹ mọ iṣẹ́ yẹn ṣe, tẹ́yin náà fi ń wò ó bóyá iṣẹ́ yẹn bá yín lára mu. Láti ìparí 2022, òfin ní kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ. Wọ́n lè fà á dé oṣù 12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa jàǹfààní ẹ̀, kì í ṣe torí pé máníjà ò tíì ráyè wo iṣẹ́ yín.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ níbí kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ ẹ ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ kìíní pàá, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san ti jẹ́ tiyín, €14.15 ni wákàtí kan láti January 2026 fẹ́ni tó ti pé ogún ọdún, payslip ńkọ́, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 4 ààbọ̀ ńkọ́, gbogbo ẹ̀ ni. Láàárín ọjọ́ 5, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ iye owó yín, wákàtí iṣẹ́ yín àti bí probation yẹn ṣe máa gùn tó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 13, tára yín ò bá yá tẹ́ ẹ sì mú ìwé dókítà wá, wọ́n máa san ìdá 70 nínú 100 owó yín fún ọjọ́ 5 lọ́dún, kò kàn ní í ju €110 lọ lójúmọ́.

Ibi tí probation ti lágbára gan-an ni lílé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Unfair Dismissals ti 1977 ní ọ̀gá tó bá léèyàn ló máa wá ṣàlàyé ìdí ẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ́ ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oṣù 12 níbẹ̀ ni òfin yẹn sábà máa ń dáàbò bò. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù jù o, torí tó bá jẹ́ oyún ni wọ́n torí ẹ̀ lé yín, tàbí torí pé ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò sí pé à ń dúró de oṣù 12. Tó bá sì jẹ́ torí àwọ̀ yín, ẹ̀sìn yín tàbí ibi tẹ́ ẹ ti wá, òfin mìíràn ló wà fún un, Employment Equality Acts, kódà kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n lé yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí permit, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ̀rù yín wà. Ọ̀gá ò láṣẹ láti gba pásípọ́ọ̀tù yín pa mọ́, kò sì láṣẹ láti yọ owó permit nínú owó oṣù yín. Látọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti lo oṣù 9, ẹ lè bọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀dọ̀ Workplace Relations Commission, WRC, àjọ tó ń yanjú ẹjọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, lẹ máa gbẹ́jọ́ lọ. Àwa ká máa sọ pé Ọlọ́run á jà fún wa, Ó máa jà, ṣùgbọ́n oṣù 6 péré ni WRC fúnni látọjọ́ tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀, wọ́n lè fi kún un dé oṣù 12 tí ìdí gidi bá wà. Ẹ máa ya fọ́tò rọ́sítà yín, ẹ tọ́jú gbogbo payslip. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà, kò di dandan kẹ́ ẹ gba lọ́yà, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.