Ẹyin Awó Ló Kọ́ Wa: Bí Pípa Ẹyin Nílé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin ní Adó-Èkìtì lónìí pé níbo ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀, Íjíbítì tàbí Amẹ́ríkà ni wọn yóò dárúkọ. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rí. Mo gbà pé ilé ìdáná àwọn ìyá wa ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, àti pé ẹyin awó ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ifẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọba Èkìtì ti gbé adé wá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ pé nígbà tí Odùduwà ń bọ̀ láti òde ọ̀run, ó mú erùpẹ̀ àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún dání. Ó da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ fẹsẹ̀ tan án ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé àgbébọ̀ tó kó ọmọ lẹ́yìn ló máa ń fẹsẹ̀ walẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsinmi, tó ń wá ìdin fún wọn. Lójú tèmi, àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn ti ń wo adìẹ tó pamọ nínú àgbàlá wọn kí wọ́n tó pa ìtàn náà.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ẹyẹ igbó kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni adìẹ ti ṣẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n awó ń kọ́? Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ti awó. Ilẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, láàárín koríko, níbi tí àgbẹ̀ tó ń ṣánko yóò ti bá a. Ìrì àárọ̀ sì máa ń pa ọmọ rẹ̀ nínú igbó. Àgbẹ̀ tó bá kó ẹyin náà wálé, ta ni yóò bá a sàba lé e? Ìgbà tí adìẹ dé ọwọ́ wa ni ìbéèrè yẹn rí ìdáhùn. Lójú tèmi, àwọn ìyá wa gbé ẹyin awó sábẹ́ àgbébọ̀, láti ọjọ́ yẹn ni ìsàba ti kúrò ní ohun tí adìẹ kàn ń ṣe fúnra rẹ̀, ó di iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń pa, ti awó ń lò tó 26 sí 28. Ẹni tó bá kó méjèèjì sábẹ́ àgbébọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àgbébọ̀ yóò kó òròmọdìẹ rẹ̀ dìde, ẹyin awó yóò sì tutù. Yèyé bàbá mi máa ń gbé ti awó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ méje ṣáájú. Kò ní kàlẹ́ńdà, ọjà ọrún ló fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún là ń pe ọjà ọrún nítorí a máa ń ka ọjọ́ tó ná mọ́ ọn. Bí òyìnbó bá kà á, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni. Tó bá gbé adìẹ lé ẹyin lọ́jọ́ ọjà, ọjà karùn-ún tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ 20. Bó bá ti ọjà náà dé, yóò da ọkà bàbà sílẹ̀ de àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lọ́la.

Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ olókè, ọyẹ́ sì máa ń mú níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ ìsàba fi ń wà ní igun ilé ìdáná. Bí àgbébọ̀ bá jáde lọ jẹun, ooru ààrò kì í jẹ́ kí ẹyin tètè tutù. Wọ́n á fi eérú sísàlẹ̀ nítorí kòkòrò, wọ́n á fi èédú sàmì sára ẹyin, kí wọ́n lè yọ èyí tí adìẹ mìíràn bá wá yé sí i. Obìnrin tí kò ní adìẹ yóò gba ti ẹlòmíràn sìn, wọ́n á sì pín ọmọ.

Ọ̀rọ̀ “pa” yìí pàápàá dùn mọ́ mi. À ń pa èkùrọ́, à ń pa obì, adìẹ ń pa ẹyin: kí ohun tó sé mọ́ là, kí ohun inú rẹ̀ jáde. Àwọn obìnrin tó ń pa èkùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kan náà ni mo rò pé wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Íjíbítì, Aristotle, onímọ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ ọ́ pé wọ́n ń rì ẹyin sínú ìgbẹ́ ẹran kó lè pa, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹyin sì lókìkí. Ó dára, ṣùgbọ́n kò kàn wá. Lyman Byce, tí wọ́n ní ó ṣe ínkubétọ̀ (ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin) ní Petaluma ní Kalifóníà ní 1879, pẹ́ jù láti jẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohunkóhun níbí.

Èyí tó kù ò gùn. Ní 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko àgbẹ̀ sílẹ̀, adìẹ àgíríìkì sì gbòde, adìẹ tí wọ́n ti sọ di ẹlẹ́yin tí kò sì fẹ́ sàba mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan nínú páálí. Àìsàn adìẹ (bird flu) ti 2006 dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní báyìí, àpótí onípákó, gílóòbù, fáànù kékeré àti abọ́ omi ni: 37.5°C, kí a yí ẹyin ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ títí di ọjọ́ 18, kí a fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ keje.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa kó ẹyin 30 sínú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 16, iná lọ, kò sì dé títí alẹ́. Ó sáré kó wọn lọ sí ilé ìdáná ìyá rẹ̀ àgbà, níbi tí àgbébọ̀ méjì ti ń sàba, ìyá náà sì ti èyí tí abẹ́ wọn kò gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó fi aṣọ bò wọ́n. Mọ́kàndínlógún ló pa.