Kì í ṣe VAR ló ń dájọ́ o

Ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n bá ti fagi lé góòlù kan, ariwo tó máa sọ ni pé "VAR ti gbà á!", àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ kan ló ń fọn fèrè lórí pápá. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ohun tí VAR bá ti sọ, abẹ ti gé e, torí pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe.

Èèyàn ni VAR (Video Assistant Referee). Réfirí tó ń wo fídíò ni, òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ló jókòó síwájú skríìn, wọ́n á máa bá ti orí pápá sọ̀rọ̀ létí. Ìmọ̀ràn ni tiwọn, ẹni tí fèrè wà lẹ́nu ẹ̀ ló ni ìpinnu, òfin IFAB, àjọ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ò fi ìyẹn pamọ́.

Ṣé ẹ rántí Nàìjíríà àti Argentina níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Russia 2018? A ti jọ wà ní 1-1, Rojo, adẹ̀yìnmú Argentina, fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó já lu òun fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ nínú bọ́kìsì. Réfirí Çakır, ará Tọ́kì, sáré lọ wo skríìn fúnra ẹ̀, ó wò ó wò ó, ó padà dé, ó ní kò sí pẹ́nárítì. Rojo yẹn náà ló tún wá gbá góòlù kejì wọlé wa ní mínítì 86, la bá dirù, a relé. Títí dòní, wọ́n ṣì ń ní VAR ló rẹ́ wa jẹ. VAR wo? Ẹni tó lọ wò ó tó ní rárá ni kẹ́ ẹ bá wí. (Pẹ́nárítì ni o, ẹnì kan ò lè yí mi lérò padà lórí ìyẹn.)

Ti pé ẹ̀rọ kì í ṣì í, ẹ bi àwọn ará Liverpool. September 30, 2023, Luis Díaz gba góòlù wọlé Tottenham, wọ́n gbé fúláàgì sókè pé ofsáìdì ni. VAR fa ìlà, ìlà náà fi hàn kedere pé Díaz ò sí ní ofsáìdì. Àmọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ rò pé réfirí ti fún wọn ní góòlù ni, ló bá ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, réfirí sì gbọ́ ọ sí pé ofsáìdì náà dúró. Kó tó yé wọn, Tottenham ti gbá firikíìkì, òfin ò sì jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́yìn mọ́. Tottenham na Liverpool 2-1, àwọn ọ̀gá réfirí sì jáde wá sọ pé àṣìṣe èèyàn ni.

Òfin yẹn kan náà ló ṣe wá ní Bouaké, ní Ivory Coast, lọ́dún 2024, níbi ife ẹ̀yẹ Áfíríkà (AFCON), nígbà tí Osimhen gba góòlù kejì wọlé South Africa tí gbogbo àdúgbò ti ń fò sókè, kí wọ́n tó ní Yusuf tiwa ti kọ́kọ́ gbá Percy Tau, ará South Africa, lẹ́sẹ̀ nínú bọ́kìsì tiwa kí bọ́ọ̀lù tó lọ sọ́dọ̀ Osimhen. Góòlù lọ, pẹ́nárítì dé, Mokoena gbá a wọlé, ó di 1-1, ọpẹ́lọpẹ́ pé a padà borí wọn 4-2 níbi àgbáyọ pẹ́nárítì. Àwọn tó ń bínú nígbà yẹn ní góòlù ti wọlé, kí ló dé tí wọ́n ń padà sẹ́yìn. Wíwọlé góòlù kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n bá ti tún bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ká ní réfirí ti fọn fèrè, tí South Africa sì ti ta bọ́ọ̀lù láàárín pápá kó tó gbọ́ ni, góòlù Osimhen dúró.