Ohun tó ń wó dáàmù kékeré, àti bí ẹni tó ni ín ṣe lè tètè rí i

Dáàmù tó gba éékà méjì àbọ̀ péré, tí omi inú rẹ̀ jìn tó mítà 2, ń gbé omi tó wúwo tó 20,000 tọ́ọ̀nù. Ògiri yẹ̀pẹ̀ ló sábà máa ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Àgbẹ̀ tó ń sin ẹja, tàbí tó fẹ́ máa bomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn, yóò pe kátápílà, wọ́n á dí ojú odò kékeré kan láàrin òkè méjì, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ògiri náà.

Amọ̀ ló yẹ kó wà láàrin ògiri náà, torí pé omi kì í tètè gba inú amọ̀ kọjá. Ìpele ìpele ni wọ́n ń dà á, ìpele kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ kó le, kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ibi kíkì yìí làwọn tó ń ṣọ́wó ná máa ń fò. Wọ́n á ní kátápílà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ ti tó. Kò tó. Ẹsẹ̀ irin kátápílà fẹ̀, ó ń pín ìwúwo rẹ̀ káàkiri, yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì wà ní fífúyẹ́ bó ṣe wà.

Bí ògiri bá tiẹ̀ dára, ó ṣì nílò ojú àkúnya, ìyẹn ọ̀nà tí omi yóò gbà lọ nígbà tí òjò bá pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń là á sí, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kó jọ, kó sì rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ dáadáa. Bí kò bá sí, tàbí tó dí, omi á gun orí ògiri, á máa dà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí kò sí omi. A máa ń sọ pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò tí odò ń gbẹ́ ń bojú wẹ̀yìn: láti ẹ̀yìn ògiri ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ títí á fi débi tí omi wà. Nígbà tó bá débẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń sin ẹja ló sì sábà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ dí ojú àkúnya. Kí ẹja má bàa sá lọ, ó ta àwọ̀n dí i. Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ó kó ewé, igi àti ọ̀rá omi wá sójú àwọ̀n, ó di ògiri. Àwọn mìíràn ń to pákó àti àpò iyanrìn síbẹ̀ kí omi lè pọ̀ sí i de ẹ̀ẹ̀rùn. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, dáàmù Ka Loko ya lóṣù kẹta ọdún 2006, ó pa èèyàn 7. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé ó jọ pé wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí ojú àkúnya rẹ̀ ṣáájú.

Ewu kejì kì í pariwo. Kò sí ògiri yẹ̀pẹ̀ tí omi kì í sun díẹ̀ lára rẹ̀, nítorí náà rírí omi lẹ́sẹ̀ ògiri nìkan kò tó ohun ìpayà. Àwọ̀ omi náà ni kí a wò. Ẹ bu ú sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí yẹ̀pẹ̀ bá wà ní ìdí ìgò, ara ògiri ni omi ń kó lọ. Ẹ tún gbé garawa sábẹ́ ojúsun náà, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú tó fi kún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí garawa bá ń yára kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí omi inú dáàmù kò sì ga sí i, ihò kan ń fẹ̀ nínú ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ páìpù ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣòro láti ki yẹ̀pẹ̀ sábẹ́ ikùn páìpù kó le dáadáa. Òkété ń gbẹ́ tirẹ̀, ikán ń gbẹ́ tirẹ̀. Igi burú ju bí èèyàn ṣe rò lọ: tó bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, á sì di ọ̀nà omi. Koríko kúkúrú nìkan ló yẹ lórí ògiri, kí ojú lè rí gbogbo ara rẹ̀.

Ní Toccoa Falls, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, dáàmù kan wà tó ga tó nǹkan bíi mítà 12, tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ nàró jù, kò dà gẹ̀rẹ̀ tó, igi sì hù sí i. Àwòrán tí wọ́n yà ní 1973 fi hàn pé apá kan lẹ́yìn ògiri náà ti yọ́ wálẹ̀. Lóru ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1977, lẹ́yìn òjò ńlá, ó ya, ó sì pa èèyàn 39 nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni ògiri yẹn fi kìlọ̀. Òfin tí Georgia ṣe ní 1978 ń pín dáàmù sí ìsọ̀rí nípa bíbéèrè bóyá ẹ̀mí lè sọnù nísàlẹ̀ tó bá ya. Ìbéèrè gan-an nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí padà: dáàmù tí igbó nìkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ti ní ilé mẹ́wàá níbẹ̀ báyìí.

Bí omi tó ń sun bá ti ń mú yẹ̀pẹ̀ jáde, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ pè, ká tó pe ẹlẹ́rọ. Lẹ́yìn náà ni kí a ṣí páìpù kí omi máa rọra fà. Ìrọra yẹn ṣe kókó, torí omi inú dáàmù ló ń gbé ikùn ògiri, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi, tó ti rin gbingbin, dúró. Bó bá fà lójijì, ikùn náà lè ya lulẹ̀. Alẹ́ ni dáàmù oko àdáni kan ní Solai, lórílẹ̀-èdè Kenya, ya lọ́jọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ó kéré tán èèyàn 47 ló kú. Nítorí náà, nọ́ńbà fóònù gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn ilé ọdẹ, kí ó hàn ketekete, kí ẹni tó ń ṣọ́ oko lóru lè fi tọ́ọ̀ṣì kà á.