Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé: Afẹ́fẹ́ Ti Tutù, Ilẹ̀ Ṣì Gbóná

Bí ìgbà ooru bá ń kógbá sílé, afẹ́fẹ́ ló ń kọ́kọ́ tutù. Ilẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Ooru tí oòrùn ti ń dà sínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn fa aṣọ bora. Àsìkò kúkúrú yìí, tí ewé ń gbọ́ òtútù lókè tí gbòǹgbò sì wà nínú ooru nísàlẹ̀, ni gbogbo iṣẹ́ ọgbà ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé rọ̀ mọ́. Ní ìhà àríwá ayé, oṣù Kẹsàn-án ló máa ń bọ́ sí. Ní ìhà gúúsù, oṣù Kẹta ni.

Kí olọ́gbà tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kó mọ ọjọ́ tí ìrì dídì àkọ́kọ́, ìyẹn ìrì òru tó di yìnyín sára ewé, sábà máa ń sẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí àpò irúgbìn létúùsì bá sọ pé ọjọ́ 50 ni yóò fi tó jẹ, ká fi nǹkan bí ọjọ́ 14 lé e, kó di 64. Ìdí ni pé ìgbà tí ojúmọ́ ń gùn sí i ni wọ́n fi ṣírò iye ara àpò náà, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ ń kúrú lójoojúmọ́ ní ìgbà ìwọ́wé. Tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ti dín sí wákàtí 10, ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ á dúró sójú kan. Wọn kò ní kú, àmọ́ wọn kò ní dàgbà. Ẹni tó bá ti pẹ́ kó yáa gbin radish, ewébẹ̀ kékeré tí a ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, torí ọjọ́ 25 sí 30 ti tó o.

Ooru ilẹ̀ náà lè ṣe ìdíwọ́ o. Tí ilẹ̀ bá gbóná ju nǹkan bí 27 °C lọ, hóró létúùsì á sùn sínú rẹ̀, olọ́gbà á sì máa rò pé irúgbìn òun ti bàjẹ́. Ohun tó ń tán an ni pé kí a bomi rin ojú ibi tí a fẹ́ gbìn sí, kí a fi aṣọ ṣíji bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a sì fọ́n hóró náà nírọ̀lẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi ń bò ó, nítorí hóró létúùsì máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù.

Tòmátì ló ń fi àkókò ṣòfò jù lásìkò yìí. Bí òru bá ti ń tutù ju 13 °C lọ, òdòdó rẹ̀ kì í sábà di èso mọ́, síbẹ̀ igi náà á ṣì máa yọ òdòdó. Nítorí náà, nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù kan kí ìrì dídì dé, a máa ń já ṣóńṣó orí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, a ó sì já òdòdó tó kù dànù, kí oúnjẹ igi lè lọ sára èso tó ti wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá pọ́n kí òtútù tó dé, inú ilé la ti ń mú un pọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo tòmátì tútù ló lè pọ́n. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó jọra wọn, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú là á sí méjì. Bí àárín rẹ̀ bá ń yọ̀ bí ilá, tí hóró inú rẹ̀ sì ń sá fún ọ̀bẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pọ́n. Bí ọ̀bẹ bá gé hóró náà sí méjì, wọn ò tíì gbó, kò sì sí bí a ṣe lè tọ́jú wọn tí wọ́n á fi pọ́n dáadáa. Àwọn tó gbó, ẹ tò wọ́n sórí bébà láìgbé wọn lé ara wọn, ní yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 àti 21 °C. Wọn kò nílò oòrùn ojú fèrèsé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n kan láàárín wọn á mú wọn yá, torí atẹ́gùn kan tó ń jẹ́ ethylene ń jáde lára rẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ọ̀kan tó rà má baà kó bá ìyókù.

Elégédé ti gbó tí èékánná kò bá lè wọ èèpo rẹ̀. Ẹ fi igi orí rẹ̀ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 nígbà tí ẹ bá ń gé e. Èyí tí igi rẹ̀ ṣẹ́ kúrò kì í pẹ́ rà, torí ojú ọgbẹ́ yẹn ni ìdíbàjẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ má hú ẹ̀wà tó ti parí iṣẹ́. Ẹ gé e ní ọgbọọgba ilẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà síbẹ̀. Tòmátì tí àrùn ti mú ewé rẹ̀ dúdú ni kí ẹ hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sì gbé e jáde kúrò nínú ọgbà.

Òkìtì ajílẹ̀ ni ìyókù ń lọ. Kí ó tó lè gbóná dáadáa, ó gbọ́dọ̀ tó mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Èyí tó kéré sí i, ooru inú rẹ̀ ń sá lọ kó tó ṣiṣẹ́. Agbọ̀n ewé gbígbẹ méjì sí mẹ́ta ni a ń dà sí agbọ̀n ewé tútù kan. Ọ̀rinrin rẹ̀ yẹ kó dà bíi ti kànìnkànìn tí a ti fún: tí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Imú ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta síni nímú bí ìtọ̀, ewé tútù ti pọ̀ jù, ẹ da èyí tó gbẹ sí i. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú rẹ̀, ẹ yí i po. Bí kò bá rùn tí kò sì gbóná, omi ló ń wá tàbí ewé tútù. Òkìtì tó ń ṣiṣẹ́ á gbóná dé 55 sí 65 °C láàárín rẹ̀, débi pé ọwọ́ kò ní lè pẹ́ níbẹ̀.

Aáyù kò ní kánjú. Ó ń dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ilẹ̀ dì. Bí a bá tètè gbìn ín jù, ewé rẹ̀ á ga kí òtútù tó dé, òtútù á sì jó o. Bí a bá pẹ́ jù, kò ní ta gbòǹgbò, ilẹ̀ tó ń dì tó ń yọ́ á tì í jáde. Àwọn awẹ́ tó tóbi jù la ń yàn, láìbó èèpo wọn. Ìdí tó pẹlẹbẹ á kọjú sísàlẹ̀, ṣóńṣó á wà lókè, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 5, kí ọ̀kan sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí èkejì. Òtútù tó ń pa tòmátì yìí gan-an ló ń mú aáyù pín sí awẹ́. Èyí tí kò bá rí òtútù tó, orí roboto kan láìní awẹ́ ló máa ń di.

Ajílẹ̀ tó ní nitrogen (èròjà tó ń mú ewé dàgbà) púpọ̀ kò yẹ ohun tó wà lórí ilẹ̀ mọ́. Ewé múlọ́múlọ́ tó máa mú jáde ni òtútù máa kọ́kọ́ pa.

Òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ ni ìrì dídì fẹ́ràn jù, torí kò sí ìkùukùu tó máa dá ooru ilẹ̀ padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bomi rin ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ tútù ń di ooru mú ju èyí tó gbẹ lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ ta aṣọ sórí ewébẹ̀ kí etí rẹ̀ balẹ̀ yíká. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a so aṣọ mọ́ ìdí igi bí ẹni di ẹrù: ooru ilẹ̀ ló yẹ kó gòkè wá sábẹ́ aṣọ, ìdè yẹn sì ti sé e mọ́ta. Ọ̀rá tó bá kan ewé á jẹ́ kí òtútù jó o. Bí oòrùn bá ti yọ láàárọ̀, ẹ ká aṣọ kúrò.

Kárọ́ọ̀tì àti kale, ewébẹ̀ kan tó bá kábéèjì tan, kò nílò aṣọ kankan. Ìrì dídì fẹ́ẹ́rẹ́ á mú kí wọ́n sọ sítáàṣì inú wọn di ṣúgà, tí kì í jẹ́ kí omi ara wọn tètè dì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí òru tútù bíi mélòó kan kí ẹ tó fa wọ́n tu.